Ìdánwò Ta Ni Ẹ́nsáìmù Yìí Yege?

Agboolé tí kò ní ẹnì kan tó ń gún ìka wo ṣúgà láàárọ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í pani lówó. Sítíríìpù, pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ló ń jẹ owó. Bí dọ́là bá gòkè, òun náà á gòkè. Bí dọ́là bá sọ̀ kalẹ̀, òun á jókòó síbi tó wà. Nítorí pé mo ka báyókẹ́mísírì ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà, èmi ni àwọn ẹbí máa ń bi léèrè: "Kí ló wà nínú pélébé yìí tó fi wọ́n tó báyìí?" Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ́nsáìmù ló wà níbẹ̀, àti pé nínú àwọn kan, wọ́n ti tún ẹ́nsáìmù ọ̀hún rọ, kì í ṣe bí Ọlọ́run ṣe dá a ló wà mọ́. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní "Òyìnbó, ẹ kú iṣẹ́!", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò yẹ kó parí síbẹ̀. Ẹni tó tún un rọ ló pinnu ohun tí yóò lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ yóò pin sí, a ò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ́nsáìmù ni pùrótéènì tí ohun ẹlẹ́mìí fi ń ṣe iṣẹ́ kẹ́míkà tí ì bá pẹ́ gan-an kó tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó sọ sítíríìpù di ohun tó dà, tí wọ́n ń pè ní glucose oxidase, ara irú ohun dúdú tó máa ń bo àlùbọ́sà tó bá ń bàjẹ́ ni wọ́n ti rí i. Detlev Müller, ará Denmark, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1928. Iṣẹ́ ẹ́nsáìmù náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, ègé tíńtínní tó wà nínú átọ́ọ̀mù, lọ́wọ́ gúlúkóòsì tó jẹ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, á sì gbé e fún ọ́síjìn. Ọ́síjìn á wá di háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì, omi tí nọ́ọ̀sì máa ń dà sójú egbò tó máa ń hó ṣùù. Ìrìn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gan-an la sì ń pè ní iná mànàmáná. Nítorí náà, bí ẹ bá lè ká ẹ́nsáìmù yẹn mọ́ ibi tó ti ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ṣúgà, kí ẹ sì ka iye tó gbà, ẹ ti mọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn.

Leland Clark àti Champ Lyons ló dá ọgbọ́n náà lábàá ní 1962, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ká há ẹ́nsáìmù náà sẹ́nu irinṣẹ́ tó ń wọn ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà ṣe pọ̀ tó. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tí wọ́n fi ọ́síjìn sí nímú. Ohun tí wọ́n wá ń wá ni bí ẹ́nsáìmù yóò ṣe fo ọ́síjìn dá, kó gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ fún wáyà tààrà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Inú lọ́hùn-ún ni ojú iṣẹ́ glucose oxidase, ibi tó ti ń mú ṣúgà, wà, pùrótéènì bò ó yí ká, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í sì í lè fo jìnnà: bí àlàfo bá ti kọjá nǹkan bíi nánómítà 1.4, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀ débi pé kò wúlò mọ́. Ó gba alágbàtà.

Iṣẹ́ alágbàtà yìí, ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí wọ́n má ṣe é ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí á mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú aró, kì í ti í jẹ́ búlúù. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, ó tún máa ń pọ́n díẹ̀ ní etí. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á nà án sí afẹ́fẹ́, kó o tó ṣẹ́jú méjì ojú ẹ̀ ti ń ṣú, búlúù á sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lọ sí ibi ìṣẹ́po rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé aró tó ti jẹ́ búlúù kì í yọ́ nínú omi. Ó gbọ́dọ̀ gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì kó tó lè yọ́ wọ inú òwú. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí nínú ìkòkò ẹ̀lú àti omi eérú ló ń fún un, ìdí nìyẹn tí ìkòkò náà fi gbọ́dọ̀ kan dáadáa, tí aláró fi ń fi imú mọ̀ bóyá ó ti ṣeé rẹ aṣọ sí. Lóde òní, kọ́sítíìkì sódà àti ìyẹ̀fun háídírósù ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Èyí ó wù kó jẹ́, aró á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú ìkòkò, á gbé e wọ inú aṣọ, afẹ́fẹ́ á gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà á sì padà di búlúù tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun kan náà ni ferrocene ń ṣe nínú sítíríìpù. Ní 1984, àwọn onímọ̀ ní Oxford àti Cranfield fi hàn pé kẹ́míkà onírin kékeré yìí lè wọlé tọ ẹ́nsáìmù lọ, kó gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù níbẹ̀, kó sì lọ jábọ̀ rẹ̀ fún wáyà, láì ka ọ́síjìn sí. Ní 1987, ẹ̀rọ tó rí bíi bírò tó ń lo ọgbọ́n náà ti wà lọ́jà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú wíwo ṣúgà kúrò ní ohun tí a ń lọ ilé ìwòsàn ṣe, tó di ohun tí màmá mi ń ṣe kó tó fọ ẹnu.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kò fẹ́ bá ọ́síjìn fa ọ̀rọ̀ rárá, wọ́n wá lọ mú ẹ́nsáìmù mìíràn, glucose dehydrogenase tó ń lo PQQ (ohun kékeré tó ń bá a gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù), láti ara kòkòrò bakitéríà kan tó ń jẹ́ Acinetobacter calcoaceticus. Ó yára bí àṣá, ọ́síjìn ò sì kàn án. Àléébù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kì í yan ṣúgà. Bó ṣe ń mú gúlúkóòsì ló ń mú maltose, tó jẹ́ gúlúkóòsì méjì tí wọ́n so pọ̀. Ta ló wá ní maltose nínú ẹ̀jẹ̀? Èmi ò ní, ẹ̀yin náà ò ní, tàbí kó kéré débi pé kò jẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ àwọn aláìsàn kídìnrín kan wà tí wọ́n máa ń da omi oògùn sínú ikùn wọn láti fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní icodextrin wà nínú òmíràn nínú omi yẹn, maltose sì ni ara máa ń sọ ọ́ dà. Sítíríìpù á wá pe maltose mọ́ gúlúkóòsì, á ní ṣúgà ti ga. Wọ́n á fún aláìsàn ní ínsúlíìnì. Ṣúgà tó wà lára rẹ̀ gan-an á já wálẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀, torí ẹ̀rọ ṣì ń pariwo pé ó ga.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde ìkìlọ̀ lórí irú sítíríìpù yẹn. Ikú 13 ni wọ́n ti fi tó wọn létí láàárín 1997 sí 2009.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó máa ń gbé mi lọ́kàn ni pé ẹ́nsáìmù yẹn kò bàjẹ́. Kò pẹ́ jù, ooru ò mú un. Ó ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe látinú kòkòrò rẹ̀, níbi tí mímú ṣúgà oríṣiríṣi ti jẹ́ èrè. Ìdánwò tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kò ní aláìsàn kídìnrín nínú ni.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣàtúnṣe rẹ̀ dùn mọ́ni. Pùrótéènì jẹ́ ẹ̀wọ̀n gígùn tí wọ́n fi ámínò ásíìdì oríṣi 20 so. Bí ẹ̀wọ̀n náà bá ní 300 oríkèé, tí oríkèé kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ èyíkéyìí nínú 20, kò sí láàbù tó lè gbìyànjú gbogbo rẹ̀ láé. Frances Arnold, tó jẹ́ ara àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2018, ló fi ọ̀nà kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990: má wulẹ̀ ṣe ìwádìí gbogbo rẹ̀. Da jíìnì ẹ́nsáìmù náà, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń hun ún, kọ, kí o mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àṣìkọ díẹ̀díẹ̀ wọ inú rẹ̀. Fi jíìnì kọ̀ọ̀kan sínú bakitéríà, kí ó bá ọ pèsè ẹ́nsáìmù ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n fi díẹ̀ yàtọ̀ síra. Dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mú èyí tó dára jù, sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń wo àwòrán ojú iṣẹ́ ẹ́nsáìmù náà, wọ́n á yan oríkèé tó wà níbi tí ìdajì kejì maltose máa ń jókòó sí, wọ́n á fi ámínò ásíìdì mìíràn rọ́pò rẹ̀, títí maltose ò fi ní ráyè jókòó mọ́. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ kan lo ẹ́nsáìmù tí wọ́n ti tún rọ báyìí. Àwọn mìíràn kó lọ sọ́dọ̀ FAD-GDH, irú glucose dehydrogenase mìíràn tó ti ara olú wá, èyí tí kò ka maltose sí, àmọ́ tí òun náà ń bá ṣúgà mìíràn, xylose, ṣe díẹ̀. Kò sí èyí tí kò ní àbùkù tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn kan nínú gbogbo èyí: dán wọn wò. Ẹ́nsáìmù tí a bá fi ọ̀nà Arnold yàn kì í dára ju ìdánwò tí a fún un lọ. Bí ìdánwò bá jẹ́ ti yàrá tó tutù, gúlúkóòsì tó mọ́, àti ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ́nsáìmù tó mọ ìyẹn ṣe ni yóò jáde.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta àdìrẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìtòkú, ti tú sítíríìpù tirẹ̀ jáde nínú agolo, ó wé e sínú nílọ́ọ̀nù, ó sì fi há báàgì ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ páànù ní ìsọ̀. Ẹgbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se omi gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀kọ láfún kúrò lára aṣọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u jáde nínú agolo mọ́. Ọ̀rinrin ń wọ̀ ọ́, ooru sì pọ̀ níbí."

"Ó ní ẹ̀mí ni, tí ooru ó fi pa á?"

"Kò ní ẹ̀mí, mà, ṣùgbọ́n ara ohun ẹlẹ́mìí ló ti wá. Ooru lè tú u ká."

"Ìwọ ọmọ yìí. Agolo ò gba inú báàgì."

Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára páálí sítíríìpù pé kí ooru ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí má kọjá dígírì 30. Lóṣù Kẹta ní Abẹ́òkúta, òjìji gan-an máa ń gbóná ju ìyẹn lọ lọ́sàn-án, ká má tíì sọ abẹ́ páànù. Kì í ṣe pé Ìyá Ìtòkú ya olórí kunkun. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wo ṣúgà. Ẹ́nsáìmù tó lè fara da ooru wà láyé o: àwọn kòkòrò tó ń gbé nínú omi gbígbóná ní tiwọn, àwọn tí wọ́n fi ọ̀nà Arnold yàn sì ti pọ̀ nínú iṣẹ́ mìíràn, àgàgà ọṣẹ ìfọṣọ. Ó ṣeé ṣe. Ó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnì kan fi kún ìdánwò ni.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Ìyá Ìtòkú wo ṣúgà wọn lójú mi, ó ní 268. Àyà mi já. Mo wá rí èèpo ọsàn lórí tábìlì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ lọ fọ ọwọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n gún ìka mìíràn. Ó di 131. Ẹ́nsáìmù kò jẹ̀bi tibí yìí rárá: gúlúkóòsì ni wọ́n ní kó mú, gúlúkóòsì wà nínú omi ọsàn, ó sì mú un. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń lò kéré débi pé omi ọsàn tó bá lẹ̀ mọ́ ìka tó láti gbé iye rẹ̀ ga fíofío. Ẹ fọ ọwọ́ yín.

Ẹ̀ka kejì iṣẹ́ yìí ló máa ń mú àwọn ènìyàn lórí yá jù: bátìrì tí ẹ́nsáìmù ń fi ṣúgà ṣiṣẹ́. Nílùú tí wọ́n ti ń mú iná lọ bó ṣe wù wọ́n, mo mọ ìdí. M. C. Potter, onímọ̀ kan ní yunifásítì Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn láti 1911 pé ìwúkàrà lè mú iná díẹ̀ wá nígbà tó bá ń jẹ ṣúgà. Ní 1964 ni ti ẹ́nsáìmù tó dá dúró tẹ̀lé e. Ètò rẹ̀ ni pé ẹ́nsáìmù kan á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ṣúgà ní apá kan, òmíràn á gbé e fún ọ́síjìn ní apá kejì, ọ́síjìn á di omi, iná á sì ṣàn nínú wáyà tó so wọ́n pọ̀. Èyí tó sábà máa ń dúró ní apá kejì ni laccase, tí Yoshida rí nínú oje igi kan ní Japan ní 1883, tí àwọn olú tó ń jẹ igi sì máa ń pèsè. Nínú ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ máa ń dí laccase lọ́wọ́, wọ́n wá ń lo bilirubin oxidase dípò rẹ̀.

Ní 2007, Sony fi bátìrì ṣúgà hàn aráyé. Ẹyọ kan ń mú mílíwáàtì 50 wá. Wọ́n so mẹ́rin pọ̀, ó gbé Walkman, ẹ̀rọ orin alápamọ́wọ́, kọrin. Ó dára. Àmọ́ ṣájà fóònù lásán ń lo wáàtì 5, ìyẹn bátìrì Sony ọgọ́rùn-ún fún fóònù ẹyọ kan. Adam Heller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ki irú rẹ̀ bọ inú èso àjàrà ní 2003, ó sì ń mú nǹkan bíi máíkírówáàtì 2 wá. Ní 2013 àwọn kan fi tiwọn sínú edé ńlá òkun, edé méjì tí wọ́n so pọ̀ gbé aago ọwọ́ ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tíì ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ohun tó fà á kò ṣòro lóye. Nínú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 24 tó ṣeé gbà lára gúlúkóòsì kan bí a bá jó o tán pátápátá, méjì péré ni glucose oxidase ń gbà, tó máa fi ìyókù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, pẹ́rọ́ksáìdì tó ń ti ara iṣẹ́ rẹ̀ jáde máa ń ba òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Sítíríìpù nílò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a ó sì sọ ọ́ nù. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, FreeStyle Libre, ń lò ó fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bátìrì ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn nínú àyà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdánwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó bá yege ọ̀kan lè kùnà nínú èkejì, àwọn tó ń kọ̀wé nípa méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n sì ń ṣi aráàlú lọ́nà.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni mo nífẹ̀ẹ́ sí. Katz, Bückmann àti Willner fi hàn ní 2001 pé iná tí bátìrì ẹ́nsáìmù ń mú wá fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ìdáhùn: bí ohun tí a ń wá bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe máa pọ̀ tó, kò sì ní nílò bátìrì mìíràn láti kà á. Iná tó kéré jù láti gbé fóònù tó láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan tí a ó fi dán an wò ní Abẹ́òkúta, láfún ni màá mú. Májèlé kan, linamarin, wà nínú ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ náà sì ní ẹ́nsáìmù tirẹ̀, linamarase, tó ń fọ́ ọ títí sáyánáìdì á fi jáde. Wọ́n kì í gbé ojú kan náà nínú ẹ̀gẹ́. Rírẹ ẹ̀gẹ́ sómi àti fífọ́ rẹ̀ ló ń mú kí wọ́n pàdé, kí sáyánáìdì bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ dáadáa, kò séwu. Bí wọ́n bá kánjú nítorí ọjà, díẹ̀ á ṣẹ́ kù, ojú kò sì lè rí i nínú ìyẹ̀fun funfun. Mílígíráàmù 10 nínú kìlógíráàmù kan ni òdiwọ̀n Codex, àjọ tó ń fi òdiwọ̀n oúnjẹ lélẹ̀ lágbàáyé, fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Ìwé pélébé kan wà tí Howard Bradbury ṣe ní Ọsirélíà: a ó fi ìyẹ̀fun díẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú linamarase, ìwé yẹ́lò tí wọ́n rẹ sínú kẹ́míkà picrate á máa pọ́n lọ sí àwọ̀ ilẹ̀ bí sáyánáìdì bá wà níbẹ̀. Ó ti wúlò púpọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí kónzò, àrùn tí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ń fà, ti ń rọ ẹsẹ̀ ọmọdé. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sun ibẹ̀ mọ́jú kó tó dáhùn, aláfún tó wá ra àpò ní ọjà Láfẹ́ńwá kò sì ní sun ibẹ̀.

Ìdánwò tí èmi yóò gbé kalẹ̀ nìyí: ẹ́nsáìmù tó máa fọ́ linamarin tó ṣẹ́ kù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òmíràn tó máa fi iná sọ iye sáyánáìdì tó wà níbẹ̀, kí àwọn méjèèjì wà lórí ìwé kan tí kò nílò fíríìjì, ní dígírì 35, pẹ̀lú eruku ọjà àti ọwọ́ tí kò mọ́, kí èsì sì jáde kí oníbàárà tó ka owó tán.